Nemona kì í ṣe ọ̀tá, ọ̀ta ni: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń gbá Pokémon Scarlet àti Violet ní Òṣogbo

Ta ni Nemona gan-an? Ṣé ọ̀tá ni àbí ọ̀rẹ́?

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì kan wà tó fẹ́ jọra létí, àmọ́ tí ìtumọ̀ wọn jìnnà síra: ọ̀tá àti ọ̀ta. Ọ̀tá ni ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ. Ọ̀ta ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ayò débi pé òpè ni àwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nemona kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ọ̀ta ni. Nínú géèmù náà, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé yín. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tìrẹ ní Cabo Poco, ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí o tó mú Pokémon àkọ́kọ́ rẹ (ẹ̀dá inú géèmù tí à ń tọ́ dàgbà tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà) ni òun ti gba ipò Champion, ipò àwọn tó mọ ìjà náà jù.

Ohun tó ń dùn ún ni pé kò rí ojúgbà. Ó fẹ́ràn ìjà Pokémon ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a jà kí ó le fún un. Nítorí náà ló ṣe sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ rẹ: ó ń tọ́ ẹni tí yóò bá a ta á dọ́gba lọ́la. Fi èyí sọ́kàn, ohunkóhun tó bá ṣe nínú géèmù náà yóò yé ọ.

Inú géèmù wo ló wà?

Pokémon Scarlet àti Pokémon Violet, tí Game Freak ṣe fún Nintendo Switch, tó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ ń jẹ́ Paldea. Ilẹ̀ Spéìn àti Pọtogí ni wọ́n wò kí wọ́n tó yà á. Nínú Scarlet, Naranja Academy lorúkọ ilé ìwé náà; nínú Violet, Uva Academy ni. Nemona kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìjà rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Nítorí náà, èyí tí o bá rí rà ní owó pọ́ọ́kú, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀, rà á. Káàdì géèmù Switch kò ní ìdènà ilẹ̀: èyí tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Dùbáì yóò ṣiṣẹ́ lórí Switch tìrẹ ní Ìgbọ̀nà.

Orúkọ irú Pokémon àti ti ìkọlù wọn, a ó kọ ọ́ bó ṣe ń hàn nínú géèmù (Fire, Ground, Fairy àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), kí o má baà máa wá a kiri nígbà tí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́.

Kí ló dé tí Nemona fi mú Pokémon tí tèmi lè nà?

Ọ̀gá ilé ìwé, Clavell, ló ń gbé mẹ́ta wá: Sprigatito tó jẹ́ Grass, Fuecoco tó jẹ́ Fire, àti Quaxly tó jẹ́ Water. Ìwọ ni o kọ́kọ́ yàn. Bí o bá mú Sprigatito, Nemona á mú Quaxly. Bí o bá mú Fuecoco, á mú Sprigatito. Bí o bá mú Quaxly, á mú Fuecoco. Nígbà gbogbo, èyí tí tìrẹ lágbára lé lórí ló ń mú.

Kì í ṣe àìmọ̀. Àwọn Pokémon tó fi gba ipò Champion ti wà nílé. Tuntun ló fẹ́ tọ́ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, láti ìpele 5. Bí ọ̀ta ṣe ń ṣe fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò nìyẹn: ó ń fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ náà lè jẹ lẹ́ẹ̀kan, kó lè padà wá jókòó.

Àmọ́ ewu wà nínú inú rere yìí. Ẹni tó bá rí i pé Pokémon àkọ́kọ́ òun ń nà tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà yóò gbé gbogbo ìrètí lé ẹyọ kan yẹn, yóò sì dé ìjà ìkẹyìn pẹ̀lú Pokémon kan tó wà ní ìpele 70 àti márùn-ún tí kò ju ìpele 45 lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Bí Nemona bá jẹ́ Champion, Geeta wá ńkọ́?

Ní Paldea, Champion kì í ṣe ìtẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ipò ni, bíi kí èèyàn gba oyè ní yunifásítì. Ẹnikẹ́ni tó bá na olórí àwọn Gym (ilé ìjà Pokémon) mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tó gba báàjì 8 lọ́wọ́ wọn, tó sì yege ìdánwò Pokémon League lè dé ibẹ̀. Geeta ni Top Champion, alága League náà, òun lo máa bá jà kẹ́yìn níbẹ̀. Nemona ti gba ibẹ̀ kọjá kí o tó dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí rèé: ìpele Geeta ni 61, Glimmora rẹ̀ nìkan ló jẹ́ 62. Ti Nemona ni 65 àti 66. Ìdánwò tòótọ́ wà lẹ́yìn ìdánwò.

Ìgbà wo ni màá bá a jà?

Àkọ́kọ́ ni ti etíkun Cabo Poco, Pokémon kan sí kan. Lẹ́yìn náà, bí báàjì rẹ ṣe ń pọ̀ sí i, yóò máa yọ sí ọ lẹ́nu ọ̀nà Gym pé kí ẹ wo bí agbára rẹ ṣe tó. Pokémon tirẹ̀ ń dàgbà bí tìrẹ ṣe ń dàgbà. Ìkẹyìn ni ti Mesagoza, ìlú tí ilé ìwé yín wà, lẹ́yìn tí o bá ti na Geeta.

Àwọn wo ló máa kó jáde ní ìjà ìkẹyìn, kí sì ni ẹ̀rọ̀ wọn?

Mẹ́fà ni. Lycanroc, Goodra, Dudunsparce, Orthworm àti Pawmot wà ní ìpele 65. Ìkẹfà, Pokémon àkọ́kọ́ rẹ̀ tó ti dàgbà tán, wà ní 66. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lycanroc ló ń kọ́kọ́ yọ. Rock ni. Water, Grass, Fighting, Ground àti Steel ló ń dùn ún. Kì í ṣe bó ṣe ń gbá ni ni ìṣòro rẹ̀, Stealth Rock ni, òkúta tó ń dà sí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ. Bó bá ráyè da òkúta yẹn sílẹ̀, Pokémon rẹ tó bá wọlé lẹ́yìn náà yóò pàdánù ìdá 1 nínú 8 ẹ̀mí rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Èyí tí Rock ń dùn, bíi Fire, Flying, Ice tàbí Bug, yóò pàdánù ìdá 1 nínú 4. Èyí tó bá sì jẹ́ méjì pọ̀ nínú wọn, bíi Charizard tó jẹ́ Fire àti Flying, ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, fi èyí tó yára tó sì lè pa á lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀. Má fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ṣe ìmúra.

Goodra jẹ́ Dragon. Ice, Dragon àti Fairy ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkọlù tí kì í ṣe ti ìfarakanra (Physical), ìyẹn ìkọlù àjìnnà (Special), kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, nítorí Sp. Def rẹ̀, ààbò rẹ̀ sí ìkọlù àjìnnà, ga gan-an. Nínú ìkọlù Fairy, Play Rough, tó jẹ́ ìfarakanra, yóò ṣe ju Moonblast, tó jẹ́ àjìnnà, lọ. Tinkaton, tó jẹ́ Fairy àti Steel, ló dára jù níbí: ìkọlù Dragon kò lè ràn án rárá. Ó tún ṣe é lò fún Lycanroc. Àmọ́ rántí pé kò lè lo Gigaton Hammer, ìkọlù rẹ̀ tó lágbára jù, lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé géèmù ló bàjẹ́.

Dudunsparce jẹ́ Normal, Fighting nìkan ló ń dùn ún. Ó ní ẹ̀mí púpọ̀, nítorí náà ó lè gba ìkọlù méjì kó tó ṣubú. Ìkọlù rẹ̀ tó ń jẹ́ Hyper Drill ń la Protect, tí Pokémon fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, kọjá, má gbára lé Protect. Ghost ni Hyper Drill kò lè kàn.

Orthworm ni ẹ̀tàn tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ náà. Steel ni, gbogbo ẹni tó mọ àtẹ irú Pokémon yóò sì sọ pé Ground ń na Steel. Òótọ́ ni, àmọ́ Orthworm ní ẹ̀bùn kan tó ń jẹ́ Earth Eater: ilẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí o bá fi Earthquake lù ú, kò ní dùn ún, ìdá 1 nínú 4 ẹ̀mí rẹ̀ yóò tún padà wá. O ti bọ́ ọ. Fire tàbí Fighting ni kí o lò. Fire ló yá jù, nítorí ààbò rẹ̀ sí ìfarakanra nípọn bí ògiri, kò sì ní ààbò tó bẹ́ẹ̀ sí ìkọlù àjìnnà.

Pawmot jẹ́ Electric àti Fighting. Ground, Psychic àti Fairy ló ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ máa ń mú Flying wá nítorí pé Flying ń na Fighting. Wọ́n gbàgbé pé Electric ń dín Flying kù, torí náà ìkọlù náà á kàn dọ́gba lásán, Electric yóò sì já ẹyẹ rẹ bọ́. Ground ni kí o gbé wá. Electric kò lè ràn án.

Bí a bá ní kí o tọ́ Pokémon kan ṣoṣo fún ìjà yìí, Annihilape la ó mú. Fighting àti Ghost ni. Fighting rẹ̀ ń dun Lycanroc, Dudunsparce àti Orthworm, mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ghost rẹ̀ kò jẹ́ kí Hyper Drill kàn án. Bí o ṣe máa rí i nìyí: mú Mankey, ní ìpele 28 ó di Primeape, ní ìpele 35 á kọ́ Rage Fist. Lo Rage Fist yẹn nígbà 20 nínú ìjà, lẹ́yìn náà jẹ́ kó gòkè ní ìpele kan. Bí kò bá yí padà, ìgbà tí o lò ó kò tíì pé 20 ni.

Pokémon àkọ́kọ́ mi ń na tirẹ̀ láti kékeré. Kí ló dé tó fi wá ń pa tèmi ní ìparí?

Ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni Nemona ti fi hàn pé ọ̀ta ni òun.

Pokémon àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń fi sí ìkẹyìn, ó sì ń fi Tera, agbára tó ń yí irú Pokémon padà, bò ó: Quaquaval (Quaxly tó dàgbà) di Water nìkan, Skeledirge (Fuecoco tó dàgbà) di Fire nìkan, Meowscarada (Sprigatito tó dàgbà) di Grass nìkan. Irú rẹ̀ kejì kò sí mọ́ ní ti ààbò, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń lo ìkọlù irú kejì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Pokémon tìrẹ náà ti ní irú kejì tí kò ní nígbà tó wà ní kékeré.

Wò ó báyìí. O mú Fuecoco, ó di Skeledirge, Fire àti Ghost. Tirẹ̀ ni Meowscarada. Fire rẹ ń jó o lóòótọ́, àmọ́ ìkọlù Dark rẹ̀ ń dun Ghost rẹ ní ìlọ́po méjì, Meowscarada sì yára jù ọ́ lọ. O mú Sprigatito, ó di Meowscarada, Grass àti Dark. Tirẹ̀ ni Quaquaval. Grass rẹ ń dùn ún, àmọ́ ìkọlù Fighting rẹ̀ ń dun Dark rẹ. Ẹni tó mú Quaxly nìkan ló rọrùn fún: Skeledirge Nemona kò ní ohun tó dun Quaquaval rẹ ní pàtàkì. Àmọ́ ṣọ́ra fún Torch Song: bó ṣe ń lò ó ni Sp. Atk rẹ̀, agbára ìkọlù àjìnnà rẹ̀, ń gòkè. Má jẹ́ kó kọ orin náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Fi Tera tìrẹ pamọ́ dìgbà náà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lè lò ó nínú ìjà kan. Bí Skeledirge rẹ bá Tera sí Fire, Ghost ti kúrò lára rẹ̀, Dark kò ní í dùn ún ní ìlọ́po méjì mọ́. Bí Meowscarada rẹ bá Tera sí Grass, Fighting kò ní í dùn ún mọ́. Kí o tó lọ, yà ní Pokémon Center kí Tera Orb rẹ, ohun tí o fi ń ṣe Tera, lè kún; bí kò bá kún, bọ́tìnì rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Ìpele wo ló yẹ kí tèmi wà?

Bí o bá tẹ̀lé ẹ̀rọ̀ tí a kọ sókè, ìpele 62 sí 65 fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti tó. Láìsí ètò, 70 gan-an lè má tó. Ọ̀nà tó yá jù láti gòkè ni Tera Raid, ìjà pẹ̀lú Pokémon tó ti Tera, nítorí Exp. Candy, suwíìtì tó ń gbé ìpele Pokémon ga, tí wọ́n ń fún ni níbẹ̀; iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún ìrírí rẹ̀ nìyí: S jẹ́ 800, M jẹ́ 3,000, L jẹ́ 10,000, XL jẹ́ 30,000. Fún àwọn tó rẹ̀yìn jù lọ nínú ẹgbẹ́ rẹ, má fún èyí tó ti ga.

Ọ̀rẹ́ mi ní Alékúwòdò fún mi ní Pokémon ìpele 60, àmọ́ kì í gbọ́ràn. Kí ló ṣe é?

Báàjì rẹ kò tíì tó ni. Láìní báàjì kankan, èyí tí ìpele rẹ̀ kò ju 20 lọ nígbà tó dé ọwọ́ rẹ nìkan ni yóò gbọ́ràn. Báàjì kọ̀ọ̀kan ń fi 5 kún un: 25, 30, 35, títí lọ. Báàjì 8 ni gbogbo wọn ń gbọ́. Ìpele tó wà nígbà tí o gbà á ni géèmù ń wò; èyí tí o bá gbà ní kékeré tí o sì tọ́ dàgbà kò ní ṣe oríkunkun sí ọ. Gba ẹyin tàbí ọmọ kékeré lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ dípò àgbà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi ní Òkè-Baálẹ̀, Switch kan àti káàdì géèmù kan la ní. Ìjà ojoojúmọ́ ni pé ẹnì kan ti pa géèmù ẹnì kejì rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ṣeun, Mà. Káàdì kan tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Géèmù yìí ń fi ìtàn kan ṣoṣo pamọ́ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà lórí Switch, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa ti ara wọn rẹ́. Ẹ wọ System Settings, ẹ lọ sí Users, ẹ tẹ Add User, ẹ ṣe orúkọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba owó. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá tẹ àwòrán géèmù náà, yóò béèrè ẹni tó fẹ́ gbá a. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí oníkálukú yan orúkọ tirẹ̀.

Iná kì í dúró. Báwo ni màá ṣe gbá a tán?

Switch alákọ̀ọ́kọ́, ti ọdún 2017, ń lo wákàtí 2.5 sí 6.5 lórí bátìrì. Èyí tó tẹ̀lé e láti 2019 àti OLED ń lo 4.5 sí 9, Lite ń lo 3 sí 7. Géèmù yìí wúwo, nítorí náà ìdajì ni kí o fọkàn sí. Dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, tan Airplane Mode. Páwà báǹkì tó ní USB-C yóò gbé e. Ṣájà fóònù kékeré náà yóò gbà á bí o bá pa á tì. Bí o bá ń gbá a lọ́wọ́, bátìrì lè ṣì máa lọ sílẹ̀.

Má gbẹ́kẹ̀ lé ìfipamọ́ tí géèmù ń ṣe fúnra rẹ̀. Kí o tó bá Nemona sọ̀rọ̀ ní Mesagoza, tẹ X, kí o yan Save fúnra rẹ. Bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, fi pamọ́, pa á pátápátá, tún un ṣí. Yóò yá sí i.

Ṣé mo tún lè bá a jà lẹ́yìn náà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Parí ọ̀nà ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú géèmù náà, ti Gym, ti Arven àti ti Team Star, kí ẹ sì jọ wọ Area Zero, ibi tí ìtàn náà ti parí, ìwọ, Nemona, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín, Arven àti Penny. Lẹ́yìn ìyẹn, tún àwọn olórí Gym 8 nà. Nígbà náà ni ìdíje Academy Ace Tournament yóò ṣí nílé ìwé, Nemona sì wà lára àwọn tí o lè bá pàdé níbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá wù ọ́.

Àfikún tí a ń san owó rẹ̀ ní apá méjì: The Teal Mask, ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2023, àti The Indigo Disk, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2023. Aró ni indigo, ẹ̀yin ọmọ Òròkí ọmọ aláró. Ó dùn mọ́ wa nínú pé àwọ̀ ìlú wa ló wà lórí rẹ̀. Nemona tún fara hàn nínú ìtàn ìparí tó jáde ní oṣù Kìíní 2024, nígbà tó tẹ̀lé ọ dé Kitakami, ilẹ̀ tí The Teal Mask ti ṣẹlẹ̀.

Mo fẹ́ kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jà bí ẹni tó ń bá Nemona jà, àmọ́ a kò ní dátà.

Ẹ kò nílò dátà. Ẹ jókòó pa pọ̀, Switch kan fún ẹnì kan, káàdì géèmù kan fún ẹnì kan. Ẹ tẹ X, ẹ wọ Poké Portal, ẹ má tẹ L tó ń so yín mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yan Link Battle, kí ẹ̀yin méjèèjì tẹ nọ́ńbà kan náà. Bí ẹ bá yan òfin tó ń sọ gbogbo Pokémon di ìpele 50, kò sí ẹni tí yóò fi ìpele gíga rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Bí kò bá so pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀dà géèmù yín kò bára mu: ọ̀kan ti gba àtúnṣe tuntun, èkejì kò tíì gbà. Ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ Switch, ẹ gbé ọwọ́ lé àwòrán géèmù náà, ẹ tẹ bọ́tìnì +, ẹ wọ Software Update, ẹ yan Match Version with Local Users. Èyí tó ti gba àtúnṣe yóò fún èkejì láti afẹ́fẹ́, láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Ẹ rí i pé bátìrì méjèèjì kún dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan má baà kú ní àárín.